Ìwé Ìtàn Ayé Ọba: Èwo Lẹ Máa Gbé, Èwo Lẹ Máa Fi Sílẹ̀?

Lọ́dún 1948, Sir Alan Lascelles, akọ̀wé ọba ní ààfin Buckingham, pe Harold Nicolson pé kó wá kọ ìtàn ayé George Karùn-ún, ọba Gẹ̀ẹ́sì tó wàjà lọ́dún 1936. Nicolson kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Òǹkọ̀wé gidi ni, ó mọ ohun tí ojú ẹni tó ń kọ̀wé fún ààfin máa ń rí. Lascelles fi í lọ́kàn balẹ̀: kò sẹ́ni tó máa ní kó parọ́, kò sẹ́ni tó máa ní kó pọ́n ọba ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ohunkóhun tó bá lè tàbùkù ọba, kó fò ó. Ó ní ọ̀rọ̀ ọba dà bí ìtàn ìwáṣẹ̀, kí Nicolson kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìwé náà jáde lọ́dún 1952. Nígbà tó di 1953, wọ́n fi Nicolson jẹ oyè Sir.

Mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tó bá wá yáwèé lọ́wọ́ mi. Ọ̀pọ̀ wọn ti wo fíìmù nípa ààfin Lọ́ńdọ̀nù tán, wọ́n wá ń wá òótọ́ ibẹ̀. Wọ́n á ní, “Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kò ṣègbè nínú gbogbo ìwé yìí?” Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sí. Ẹni tó bá fi ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá jókòó ti ayé ẹnì kan, bí kò bá fẹ́ràn onítọ̀hún, á kórìíra rẹ̀ kó tó parí. Ohun tí mo ní kí wọ́n máa wò ni ibi tí ègbè náà ti wá, àti bóyá òǹkọ̀wé jẹ́ ká fojú rí i. Ní tèmi, ẹni tó fẹ́ràn ọba kò tíì ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó bá ọba ṣe àdéhùn ni kí ẹ ṣọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yá àwọn èèyàn ní méjì méjì, kí ọ̀kan lè tú àṣírí èkejì.

George Karùn-ún: Nicolson àbí Rose

Iṣẹ́ ìjọba nílẹ̀ òkèèrè ni Nicolson ṣe kó tó dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, nítorí náà ibi ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ìwé rẹ̀ ti dùn. Bí ọba ṣe fara da ìjà àwọn aṣòfin lọ́dún 1910 àti 1911, bí wọ́n ṣe kó onírúurú ẹgbẹ́ òṣèlú pọ̀ dá ìjọba sílẹ̀ lọ́dún 1931, ó wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó bá ń kọ́ nípa òfin ìlú yẹn, kó má yẹra fún un. Àmọ́ tó bá jẹ́ irú èèyàn tí George jẹ́ lẹ fẹ́ mọ̀, ẹ ó wá a títí, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí i. Nicolson kúkú mọ̀ ọ́n. Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ wà, tí ọmọ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1960. Lọ́dún 1949, nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ó ráhùn níbẹ̀ pé fún odidi ọdún 17, kí ọkùnrin yìí tó gorí oyè, kò ṣe nǹkan kan ju kó máa pa ẹran ìgbẹ́, kó sì máa lẹ sítáǹbù mọ́wèé.

Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ká ní ó jẹ́ kí ìdajì ẹ̀rín yẹn wọnú ìwé ńlá ni, ìwé ńlá á dùn ju báyìí lọ.

Kenneth Rose ní tirẹ̀, lọ́dún 1983 ni ìwé rẹ̀ jáde. Rose fẹ́ràn George, kò sì fi pamọ́. Ìbínú òjijì ọba ń pa á lẹ́rìn-ín, bó ṣe ń jágbe mọ́ni bí ọ̀gá atukọ̀, bó ṣe kórìíra kí nǹkankan kúrò níbi tó wà. Ìfẹ́ tí ẹ̀gbọ́n máa ń ní sí àbúrò tí kò gbọ́ràn ni. Àmọ́ nígbà tó dé orí ọdún 1917, Rose kò bo ẹnu. Lóṣù kẹta ọdún náà ni Nicholas Kejì, olú-ọba Rọ́ṣíà, kúrò lórí oyè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò lòun àti George. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni ìyá wọn, àwọn méjèèjì sì jọra débi pé tí ẹ bá rí fọ́tò wọn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè èwo ni George, èwo ni Nicholas. Ìjọba Lloyd George, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ní kí Nicholas máa bọ̀ wá sá sí Gẹ̀ẹ́sì. George ló ní rárá. Ẹ̀rù ń bà á pé inú tó ń bí àwọn òṣìṣẹ́ nílé lè ràn dé orí ìtẹ́ tirẹ̀ náà. Akọ̀wé rẹ̀, Lord Stamfordham, da lẹ́tà bo ìjọba títí wọ́n fi yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 1918, wọ́n yìnbọn pa Nicholas, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn márààrún ní Yekaterinburg. Lloyd George ni wọ́n ń bú lórí ọ̀rọ̀ náà láti ọdún yìí wá. Rose, ẹni tó fẹ́ràn ọba, ló kó lẹ́tà wọ̀nyẹn síwájú òǹkàwé.

Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ òun òótọ́ ṣe lè jọ gbé inú ìwé kan.

Síbẹ̀, kí ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ Rose. Lálẹ́ ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 1936, ní Sandringham, Lord Dawson tó jẹ́ dókítà ọba kọ gbólóhùn kan tí rédíò kà síta, pé ẹ̀mí ọba ń lọ sópin rẹ̀ ní àlàáfíà. Nígbà tó ku díẹ̀ kí òru gànjọ́, òun náà ló gún ọba ní abẹ́rẹ́ mọ́fíìnì, ó tún gún un ní ti kokéènì, sí iṣan ọrùn. Ó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí ìròyìn ikú náà lè kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Times àárọ̀, kó má bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìwé ìròyìn ìrọ̀lẹ́ tí kò níyì tó. Francis Watson tó kọ ìtàn ayé dókítà yìí lọ́dún 1950 mọ̀ sí i, ó sì fò ó nítorí opó rẹ̀. Ọdún 1986 ló tó gbé e jáde, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí ìwé Rose ti wà lórí àtẹ.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ojú ewé tí wọ́n kọ ọdún ìtẹ̀wé sí. Ìwé kankan nípa George tó jáde ṣáájú 1986 kò lè sọ bó ṣe kú gan-an, bó ti wù kí òǹkọ̀wé rẹ̀ jólóòótọ́ tó.

Charles àti Diana: tọkọ tàbí taya

Níbí yìí ni mo ti máa ń rí i pé àwa Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu tẹ́lẹ̀: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ìwé Andrew Morton nípa Diana jáde lóṣù kẹfà ọdún 1992. Àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí Diana ló dárúkọ pé wọ́n sọ̀rọ̀ fún òun. Diana ní òun kò mọ nǹkankan sí i. Ìgbà tó kú lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1997 ni Morton tó sọ bó ṣe rí. Lọ́dún 1991, Diana máa ń jókòó ní ààfin Kensington, á máa sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Morton á kọ ìbéèrè; dókítà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Diana, James Colthurst, á gbé e lọ fún un, á tún gbé kásẹ́ẹ̀tì bọ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere ló sì máa ń gùn. Òǹkọ̀wé àti ẹni tó ń kọ nípa rẹ̀ kò jókòó ti ara wọn rárá kí iṣẹ́ tó parí. Nígbà tí Morton kọ ọ́ tán, Diana ka àdàkọ rẹ̀, ó sì fi bírò tọ́ ọ sí i. Èwo wá ni ìtàn ayé tí ẹlòmíràn kọ nínú ìyẹn? Ẹjọ́ tẹnu ẹni ni, orúkọ akọ̀wé kóòtù ló kàn wà lẹ́yìn rẹ̀.

Charles fèsì lọ́dún 1994. Ó kó lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ fún Jonathan Dimbleby, ó sì bá a sọ̀rọ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ìwé Dimbleby nípọn, ó sì wúwo lọ́wọ́ bí búlọ́ọ̀kù. Òun ní ohun tí Morton kò ní, lẹ́tà tó ní déètì. Ìyà tó jẹ Charles nílé ẹ̀kọ́ Gordonstoun, ọmọdé tó ń kọ̀wé sílé pé òun kò rí oorun sùn lóru, ìyẹn kì í ṣe ohun tí àgbà rántí lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Ó wà nínú ìwé tí ọmọ náà kọ nígbà náà. Ibi tó ti wá bà mí nínú jẹ́ ni pé ìwé tí Charles fọwọ́ sí yìí dun bàbá àti ìyá rẹ̀, nítorí nínú rẹ̀ ni wọ́n ti yọ bí òbí tí kì í gbé ọmọ mọ́ra. Ẹni tó rò pé ìwé tí ọmọ ààfin fọwọ́ sí á dára fún gbogbo ilé, kó lọ ka ti Dimbleby.

Nínú méjèèjì, tó bá jẹ́ ohùn lẹ fẹ́ gbọ́, ẹ gbé Morton, àmọ́ kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n tún tẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ lọ́dún 1997. Nínú ìyẹn ni wọ́n ti to ọ̀rọ̀ inú kásẹ́ẹ̀tì síwájú bó ṣe jáde lẹ́nu Diana, ẹ ó sì fojú ara yín rí ibi tó ti ń gbèjà ara rẹ̀. Ti 1992 ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ fi sílẹ̀. Ègbè kan náà ni, aṣọ ni wọ́n dà bò ó.

Ìwé tí àwọn ọba àti ọmọ ọba fúnra wọn gbé jáde kò yọ mí lẹ́nu púpọ̀. Edward Kẹjọ tó fi oyè sílẹ̀ nítorí obìnrin gbé tirẹ̀ jáde lọ́dún 1951, Harry gbé tirẹ̀ jáde ní 2023, oníwèé tó mọṣẹ́ ló sì bá àwọn méjèèjì kọ ọ́. Ẹni tó bá rà á mọ ẹnu tí òun ń gbọ́. Ẹ kà á bí ẹni ń gbọ́ ti ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Ìyá Elizabeth: Crawfie àbí Shawcross

Marion Crawford, ọmọ Scotland tí gbogbo ilé ń pè ní Crawfie, ló kọ́ Elizabeth àti Margaret àbúrò rẹ̀ níwèé láti kékeré, ó sì lé ní ọdún 15 nílé wọn. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó kọ ìwé nípa wọn, ìwé náà sì jáde lọ́dún 1950. Kò sí èébú kan níbẹ̀. Kódà oyin rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n bu omi sí i. Ó ní Elizabeth kékeré máa ń fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lóru, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, láti lọ wò ó bóyá bàtà rẹ̀ dúró déédéé, bóyá aṣọ tó ká sílẹ̀ wà bó ṣe kó o sí.

Ẹ lè ka ìwé mẹ́wàá tó máa sọ fún yín pé Elizabeth Kejì mọ ojúṣe rẹ̀, pé kì í ṣe ségesège. Bàtà yẹn ló jẹ́ kí n rí i. Ọmọdé tó ń dìde lóru tọ́ bàtà, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà á ti rí irú rẹ̀ nínú ẹbí. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tí mo bá kà nípa ọbabìnrin yẹn, mo máa ń fi bàtà yẹn wọ̀n ọ́n.

Kí ni èrè Crawfie? Ìyá àwọn ọmọ ti kọ̀wé sí i ṣáájú pé ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́ àwọn gbọ́dọ̀ pa ẹnu dé bí ìkarahun inú omi. Nígbà tí ìwé wá jáde, wọ́n já a sílẹ̀ pátápátá. Ó kúrò nílé tí wọ́n fún un ní Kensington, ó padà sí Scotland, kò sì sí ọ̀kan nínú ẹbí náà tó tún bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi kú lọ́dún 1988. Òdòdó lásán wọn kò fi ránṣẹ́ síbi ìsìnkú. Ohun tó bí wọn nínú ni pé ó yìn wọ́n láìgbàṣẹ.

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé William Shawcross nípa ìyá yẹn kan náà, èyí tó jáde lọ́dún 2009. Òun gbàṣẹ. Ó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ojú ewé, ó wo gbogbo lẹ́tà tí ààfin ní lọ́wọ́. Ní ti iṣẹ́ ìwádìí, Crawfie kò lè dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ìyá àgbà yẹn ṣe ń kọ lẹ́tà, ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀, bó ṣe lo àsìkò ogun, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ kò sí ibi tó ti bá a wí gan-an. Ẹ dé ibi tó ti sọ pé Margaret jókòó lọ́dún 1993, ó ń to ìwé ìyá rẹ̀, ó sì kó lẹ́tà tí Diana kọ sí ìyá náà dànù pẹ̀lú òmíràn. Shawcross ní ohun tó ṣe yé òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdánù ni fún ìtàn. Ó tẹ̀síwájú. Ní tèmi, ojú ewé yẹn ló yẹ kó dúró sí. Lẹ́tà tí wọ́n kó dànù yẹn ni ìyàwó ilé fi ń bá ìyá ọkọ àgbà sọ̀rọ̀. Kí ni ìbá tún sọ ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì fún wa?

Síbẹ̀, mo dúpẹ́ pé ó sọ ọ́. Ẹlòmíràn ì bá fò ó.

Victoria: ohun tí iná jẹ, ohun tí iná kò jẹ

Ọdún 1832, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 13, ni Victoria bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, kò sì dáwọ́ dúró títí ó fi kù díẹ̀ kó wàjà lọ́dún 1901. Ọmọbìnrin rẹ̀ àbíkẹ́yìn, Beatrice, ló wá jókòó tì í lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó ń dà á kọ, ó ń fò, ó ń tọ́, bó bá sì ti da ìwé kan kọ tán, á dáná sun àtilẹ̀wá. Ìwé 111 ló dà kọ. Ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ni, ohun tó sì ń ṣe ni pé kí ìyá má bàa tẹ́. Ohun tó kù, wọ́n ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2012.

Ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 1907, ọkùnrin méjì, Benson àti Lord Esher, ṣa lẹ́tà Victoria, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìwé mẹ́ta. Èrò wọn nípa ohun tó ṣe pàtàkì ni ọ̀rọ̀ ọba àti mínísítà. Lẹ́tà tí obìnrin kọ sí obìnrin nípa oyún, ọmọ, àárẹ̀ ara, púpọ̀ nínú wọn kò wọlé. Ẹni tó bá gbé ìwé mẹ́ta yẹn nìkan á gbà pé láàárín ọkùnrin nìkan ni ìyá ọlọ́mọ mẹ́sàn-án yìí gbé ayé.

Lytton Strachey ló jáde lọ́dún 1921 pẹ̀lú ìwé tinrin. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni orúkọ rẹ̀ ti kàn níbi tó ti fi àwọn èèyàn ńlá ìgbà Victoria ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo èèyàn sì ń retí pé ó máa já ọbabìnrin náà sí ìhòòhò. Ó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Bó ṣe ń lọ, ohùn rẹ̀ ń rọ̀, nígbà tó sì máa fi dé bẹ́ẹ̀dì ikú rẹ̀, ẹni tó wá ṣe yẹ̀yẹ́ ti ń ṣọ̀fọ̀. Mo fẹ́ràn ìwé yẹn nítorí pé ọkàn òǹkọ̀wé yí padà lójú wa. Kì í ṣe ìwé tí ẹ máa gbà gbọ́ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ó ń dárà ju ohun tó ní lọ́wọ́ lọ nígbà mìíràn.

Tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá lẹ jẹ́, ohun kan wà tí mo fi ń dán ìwé èyíkéyìí nípa Victoria wò. Ẹ ṣí ẹ̀yìn ìwé, ibi tí wọ́n to orúkọ sí, kí ẹ wá Sarah Forbes Bonetta. Aina ni wọ́n ń pè é, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Yewa. Àwọn ọmọ ogun Dahomey kó ìlú wọn lọ́dún 1848. Lọ́dún 1850, Gezo ọba Dahomey fi í ta Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Bonetta, lọ́rẹ, pé ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ ọba àwọn dúdú sí ọbabìnrin àwọn funfun ni. Forbes kọ ọ́ fúnra rẹ̀ ní 1851 pé tí òun bá kọ̀ ọ́, wọn á pa ọmọ náà. Victoria sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1862 ló fẹ́ James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Èkó, ní Brighton, ó kú sí Madeira ní 1880, ọbabìnrin sì ni ìyá ìsàmì ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí, ìyẹn ti sọ nǹkan fún yín. Bó bá wà, ẹ ka ibẹ̀. Ìwé tó ń gbé Victoria gẹ̀gẹ̀ á sọ nípa àánú ọbabìnrin àti ẹ̀wù ìgbéyàwó. Ẹ wò ó bóyá ó dárúkọ Òkè-Ọ̀dàn, bóyá ó sọ pé ẹnikẹ́ni bi ọmọ náà léèrè ohun tó fẹ́. Àánú yẹn kì í ṣe irọ́. Apá kan ìtàn náà ni.

Ọ̀yọ́: arọ́kin àti Johnson

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ti òyìnbó nìkan nìyí. Arọ́kin Ọ̀yọ́, ààfin ló ń bọ́ ọ, orí rẹ̀ sì ni ìtàn àwọn Aláàfin wà. Àdéhùn Nicolson ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́tipẹ́.

Samuel Johnson, pásítọ̀ Ọ̀yọ́, ló kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ṣì ń bá fà á. Ó parí rẹ̀ ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, Johnson kú ní 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un tò láti inú àkọsílẹ̀ tó kù, ó sì jáde ní 1921. Nínú rẹ̀, ayé Aláàfin Abíọ́dún dùn bí oyin: Gáà, Baṣọ̀run tó ń pa ọba, ti kú, ọjà ń ná, owó ń wọlé. Nígbà tó kan Aólẹ̀, ohun gbogbo dojú rú. Orin tí Johnson kọ sílẹ̀ náà sọ ọ́ ní ìlà méjì: láyé Abíọ́dún la fi igbá wọn owó, láyé Aólẹ̀ la di àdìkálẹ̀.

Àtọmọdọ́mọ Abíọ́dún ni Johnson.

Mi ò sọ pé ó parọ́. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Aólẹ̀ jẹ Ọ̀yọ́ ilé run lóòótọ́, orin náà kò sì ti ẹnu Johnson wá. Àmọ́ tí ẹ bá ń ka ibi tó ti ń pọ́n Abíọ́dún, ẹ rántí pé ọmọ ilé ló ń sọ̀rọ̀ bàbá ńlá rẹ̀. Tí ẹ bá ń ka ohun tó kọ nípa Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀gbá, ẹ tún rántí pé ojú Ọ̀yọ́ ló fi ń wò wọ́n; àwọn òpìtàn ilẹ̀ wọ̀nyẹn ti bá a jiyàn, ẹ wá ti ìlú yín mọ́ ọn. Ohun tí mo fi ń gbé Johnson borí arọ́kin ni pé ó sọ ẹni tó bi léèrè. Ó dárúkọ David Kukomi àti Lágunjú Tìmì Ẹdẹ. Arọ́kin kì í sọ ta ló fi sílẹ̀ fún un. Ààfin ló fi sílẹ̀ fún un.

Àti oríkì ńkọ́? Ẹni tó bá ní etí mọ̀ pé oríkì ọba kì í ṣe ìyìn nìkan. Ẹni tí wọ́n pa wà níbẹ̀, ìyàwó tí wọ́n gbà wà níbẹ̀, akígbe á kàn sọ ọ́ bí ẹni ń gbé ọba ga, ọba náà á sì máa mi orí. Àwọn òǹkọ̀wé ààfin Lọ́ńdọ̀nù tó dára jù mọ ọgbọ́n yìí. James Pope-Hennessy mọ̀ ọ́n. Ààfin ló ní kó kọ ìtàn Queen Mary, ìyàwó George Karùn-ún, ó jáde ní 1959, kò sì sí gbólóhùn kan tí wọ́n lè torí ẹ̀ pè é lẹ́jọ́, síbẹ̀ ẹ ó máa rẹ́rìn-ín abẹ́nú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí kò lè tẹ̀ nígbà náà, àkọsílẹ̀ tó ṣe nígbàkigbà tó bá ti ilé ọmọ ọba kan tàbí èkejì dé, Hugo Vickers tò ó, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018. Nínú gbogbo ìwé méjì méjì tí mo ní, ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù: ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì, ọ̀kan lójú ààfin, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ka ti 1959 tán kí ẹ tó ṣí ti 2018.

Bí owó bá ká ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ ra Rose. Bí ọmọ iléèwé lẹ fẹ́ rà á fún, Crawfie ni, kò gùn, èdè rẹ̀ kò le. Ẹ má fi Shawcross ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tí kò ní àsìkò, torí ibi ìkówèésí ló máa kú sí. Pope-Hennessy méjèèjì ni ì bá wù mí kí n yá yín, àmọ́ ti 1959 wà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Mọ́kọ́lá láti ọdún tó kọjá. Bó bá ń ka èyí, ojú ewé tí mo ká létí níbẹ̀, kó má tú u.